Bí A Ṣe Ń Dọdẹ Ọ̀bẹ Kíká Àtijọ́ ní Ògbómọ̀ṣọ́

Aago ni mo ń tún ṣe ní Tákíè, nílùú Ògbómọ̀ṣọ́. Awò kékeré tí mo fi ń wo inú aago, òun náà ni mo fi ń wo ọ̀bẹ. Kì í ṣe ọ̀bẹ ìdáná ni mò ń wí. Ọ̀bẹ kíká ni, èyí tí irin rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù, tí àwọn bàbá wa máa ń yọ lápò láti bó ọsàn, láti gé ìrèké, láti gé okùn ẹrù. Òmíràn nínú wọn ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún. Àwọn tó ń kó irú wọn jọ káàkiri ayé ń fi àtùpà wá wọn lójú ọ̀sán, bẹ́ẹ̀ ẹ lè bá a níbí nínú agolo mílíìkì tí wọ́n kó ìṣó àti kọ́kọ́rọ́ tí kò ní àgádágodo mọ́ sí.

Mo fẹ́ràn ọdẹ yìí débi pé, bí mo bá gbọ́ pé ilé kan ń kó ẹrù bàbá tó ti dolóògbé jáde, ara mi kì í lélẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ nípa rẹ̀ ni mo fẹ́ kọ fún ẹni tó bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ mọ ọ̀nà tí ọ̀bẹ gbà wọ̀lú

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ máa ń sáré gba ọjà lọ. Èmi ò rí ẹni tó pàtẹ ọ̀bẹ àtijọ́ ní Ọjà Jagun rí, mi ò sì rí i ní Akẹ̀sán l'Ọ́yọ̀ọ́. Inú ilé ni wọ́n wà. Ẹni tó bá mọ ibi tí onílé rìn dé nígbà èwe rẹ̀ ti mọ irú ọ̀bẹ tó ṣeé ṣe kó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká mú Gánà. Arìnrìn-àjò ni àwa ará Ògbómọ̀ṣọ́. Àwọn bàbá wa pọ̀ ní Tamale, ní Kumasi àti láwọn ìlú kéékèèké lápá àríwá Gánà, tí wọ́n ń ta aṣọ, ìlẹ̀kẹ̀, abẹ́rẹ́, dígí àti ọ̀bẹ. Bàbá tó bí mi wà lára wọn. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1969, ìjọba Busia pàṣẹ pé kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbélùú kúrò ní Gánà láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ohun tó ṣeé gbé ni ọ̀pọ̀ wọn gbé délé. Ọjà tó kéré, tí kò wúwo, tó sì níye lórí ló wọ inú àpótí, ọ̀bẹ kíká sì jẹ́ irú ọjà bẹ́ẹ̀. Abẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ni Gánà wà títí di 1957, nítorí náà ọ̀bẹ Sheffield, ìlú tí wọ́n ti ń rọ ọ̀bẹ nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ni kí ẹ máa retí nínú ẹrù àwọn tó ti Gánà bọ̀: Joseph Rodgers, tàbí George Wostenholm tó máa ń tẹ I*XL sára irin rẹ̀.

Ọ̀nà Ẹjìgbò yàtọ̀. Ẹjìgbò ò jìnnà sí wa, agbo ilé tí kò ní ẹnì kan ní Abidjan ṣọ̀wọ́n níbẹ̀. Faransé ló ṣàkóso ilẹ̀ Côte d'Ivoire, ọ̀bẹ Faransé ló sì ń gba ọ̀nà yẹn wọlé. Opinel ni ẹ ó rí jù, tí Joseph Opinel bẹ̀rẹ̀ ní Savoie ní 1890: èèkù igi róbótó, àmì ọwọ́ kan lára irin pẹ̀lú adé lórí rẹ̀. Tuntun rẹ̀ ò ṣọ̀wọ́n, wọ́n ṣì ń ṣe é. Ti àtijọ́ ni ká wá. Bí ẹ bá rí Opinel ńlá, bíi nọ́ńbà 8 sókè, tí kò ní òrùka irin lọ́rùn, ẹ rọra mú un, torí ọdún 1955 ni òrùka yẹn bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wo ọrùn rẹ̀ dáadáa, bóyá ẹnì kan ló yọ òrùka náà jù nù. Bí òrùka bá wà, ẹ ká ọ̀bẹ náà kí ẹ sì gbìyànjú láti yí i. Láti ọdún 2000 ni òrùka Opinel ti ń ti ọ̀bẹ pa nígbà tó bá wà ní kíká. Èyí tí kò lè ṣe bẹ́ẹ̀ ti dàgbà ju ìyẹn lọ.

Ọ̀nà yìí kan náà ló ń gbé Douk-Douk wá. Ilé iṣẹ́ Cognet ní ìlú Thiers ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní 1929. Páànù irin kan ṣoṣo ni wọ́n ká láti fi ṣe èèkù rẹ̀, wọ́n sì ya ẹ̀mí kan láti erékùṣù Melanesia sí i lára, aláṣọ gbọọrọ tó jọ eégún wa. Àwọn màmá tó ta ọjà ní Abidjan mọ̀ ọ́n. Bí ẹ bá ní "ọ̀bẹ aláwòrán eégún", wọn ò ní pẹ́ rántí.

Ogun Bóómà ni ọ̀nà tí mo nífẹ̀ẹ́ sí jù. Àwọn ọmọ ilẹ̀ wa wà nínú dífíṣọ̀n 81 àti 82 ti ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tó bá àwọn Japan jà ní Bóómà láàárín 1943 sí 1945. Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fún sójà ní ọ̀bẹ kíká tó nípọn, èèkù dúdú tí wọ́n fín lára bí àwọ̀n ẹja kí ó má baà yọ̀ lọ́wọ́, ohun tí wọ́n fi ń ṣí agolo lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, àti ẹ̀gún irin gígùn lẹ́yìn fún títú okùn tó di kókó. Ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn bàbá tó ti Bóómà bọ̀ ti di olóògbé báyìí, ṣùgbọ́n ọ̀bẹ wọn lè má tíì kúrò nílé. Àmì méjì ni kí ẹ wá: ọfà kékeré tó ní ẹsẹ̀ mẹ́ta, tí ó jẹ́ àmì dúkìá ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, àti ọdún tí wọ́n ṣe é, bíi 1942 tàbí 1943, tí wọ́n tẹ̀ sára irin. Bí lẹ́tà C bá yí ọfà náà ká, Kánádà ni wọ́n ti ṣe é. Nígbà tí ọdún ogun bá hàn kedere lára irin tí ẹ mú dání, tí ọmọ bàbá náà sì jókòó sí ẹ̀gbẹ́ yín tó ń sọ bí bàbá òun ṣe máa ń fi ẹ̀gún yẹn tú okùn ewúrẹ́, mi ò mọ ohun tó tún dùn jùyẹn lọ.

Àwọn Bàtìsì Amẹ́ríkà náà mú tiwọn wá. Láti 1855 tí Bowen ti tẹ̀dó sí Ògbómọ̀ṣọ́ ni àwọn míṣọ́nnárì ti ń wá ń lọ, àwọn dókítà, àwọn olùkọ́ sẹ́mínárì, àwọn ìyàwó wọn. Nígbà tí wọ́n bá ń padà sílé, wọ́n máa ń fi ẹrù sílẹ̀ fún kúùkù, fún dírẹ́bà, fún ẹni tó ń gé koríko. Agbègbè sẹ́mínárì àti ilé ìwòsàn ni mo ti ń bèèrè. Ọ̀bẹ Case ni ẹ óò máa fojú sọ́nà fún, òun ló sì rọrùn jù láti mọ ọjọ́ orí rẹ̀. Bí ìdí irin bá kọ CASE XX láìsí USA, ó ti wà ṣáájú 1965. Bí ó bá kọ USA láìsí dọ́ọ̀tì, ó bọ́ sí 1965 sí 1969. Ní 1970, wọ́n fi dọ́ọ̀tì mẹ́wàá sábẹ́ orúkọ náà, wọ́n sì ń yọ ẹyọ kan lọ́dọọdún. Dọ́ọ̀tì méje túmọ̀ sí 1973. Ní 1980 wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ láti mẹ́wàá, ṣùgbọ́n lẹ́tà S inú orúkọ náà ti yí padà, ó rí wọ́gọwọ̀gọ bíi mànàmáná.

Ọkọ̀ tòkunbọ̀ náà wà níbẹ̀. Àwọn tó ń rán ìjókòó ọkọ̀ máa ń bá ọ̀bẹ lábẹ́ síìtì ọkọ̀ tó ti Jámánì tàbí Bẹ́ljíọ̀mù wọlé: Victorinox pupa, tàbí Mercator dúdú tí ológbò ń fò lára èèkù rẹ̀ tí wọ́n sì kọ K55K sí. Ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ̀ yín. Ẹ ra ẹ̀lẹ́rìndòdò fún wọn nígbà tí ẹ bá ń kọjá.

Okapi ńkọ́? Okapi wà níbi gbogbo, ìdí nìyẹn tí àwọn èèyàn fi ń jù ú nù. Ẹ má jù ú nù kí ẹ tó kà á. Solingen ní Jámánì ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí ṣe é ní 1902, fún àwọn ilẹ̀ tí Jámánì ń ṣàkóso ní Áfíríkà. Ní 1988 ni iṣẹ́ náà kó lọ sí South Africa. Nítorí náà, Okapi tí òǹtẹ̀ Jámánì wà lára irin rẹ̀, pẹ̀lú òṣùpá àti ìràwọ̀ lára èèkù igi rẹ̀, yẹ ní fífi pamọ́.

Bí ẹ bá dé ilé onílé

Ẹ má fi ọ̀bẹ ṣe gbólóhùn àkọ́kọ́. Ẹni tó bá wọlé tó ní òun ń wá ọ̀bẹ, ojú olè tàbí ojú jàǹdùkú ni wọ́n máa fi wò ó. Ẹ kí wọn, ẹ jókòó, ẹ jẹ́ kí wọ́n mọ ilé tí ẹ ti wá. Mo dé ọ̀dọ̀ ìyá kan tí ọkọ rẹ̀ ṣòwò ní Gánà.

"Ẹ káàsán mà, Ìyá Àgbà."

"Káàsán, ọmọ mi. Ọmọ ta ni ọ́?"

Mo dárúkọ bàbá mi, mo ní Tamale làwọn náà gbé. Ojú wọn là. Wọ́n sọ̀rọ̀ Tamale títí, nípa ọjà, nípa lọ́rì tó kó wọn wálé, nípa ẹrù tí wọ́n fi sílẹ̀ sọ́wọ́ aládùúgbò. Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo ní, "Ẹ̀yin ìyá wa, ǹjẹ́ bàbá ní ọ̀bẹ kan, irú èyí tó máa ń ká?"

"Èwo nínú wọn? Èyí tí wọ́n fi ń gé tábà ni àbí èyí tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn?"

Èyí tí wọn ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn ni, ẹ̀yin èèyàn mi. Òun ni kí ẹ máa bèèrè nígbà gbogbo.

Ẹ sọ òótọ́ iye rẹ̀ fún wọn. Bí ẹ bá mọ̀ pé ó níye lórí, ẹ wí bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì bèèrè bóyá àwọn ọmọ olóògbé gbọ́ sí i. Ìyá Àgbà pe ọmọ wọn ọkùnrin lórí fóònù níṣojú mi kí wọ́n tó gbà. Wọ́n gba owó, wọ́n sì ní kí n tún aago ara ògiri bàbá ṣe mọ́ ọn. Mo tún un ṣe, ó ń lù títí di òní. Ilé tí ẹ bá ṣe dáadáa sí ni yóò júwe ilé kejì fún yín, nítorí náà, ẹ má rẹ́ ẹnikẹ́ni jẹ.

Ọ̀bẹ tó bá wà lójúbọ Ògún, tàbí tí ìdílé ọdẹ ṣì ń fi ẹ̀jẹ̀ kàn, ẹ má tilẹ̀ nawọ́ sí i. Wíwò kò burú, bí wọ́n bá fúnra wọn fi hàn yín.

Níta ilé, àwọn méjì ló ṣe pàtàkì. Àkọ́kọ́ ni àwọn ọmọ Hausa tó ń ra irin àlòkù kiri, tí wọ́n ń kó o jọ sí Sábó. Kílò ni wọ́n fi ń tà á. Ẹ bẹ málàmù kan kó máa ya ọ̀bẹ sọ́tọ̀ fún yín, kí ẹ sì san ju owó kílò lọ. Èkejì ni alágbẹ̀dẹ, nítorí irin Sheffield dára, ó sì máa ń wù wọ́n láti tún un rọ. Ẹ tètè dé ibẹ̀ kó tó wọ iná.

Ìdí irin ni ìwé ìbí ọ̀bẹ

Àwọn nǹkan tí mo ń gbé dání ni awò, tọ́ọ̀ṣì kékeré, àkísà àti òróró ẹ̀rọ ìránṣọ. Fóònù tó lè ya àwòrán nǹkan kékeré lè rọ́pò awò.

Ẹ ṣí irin náà tán, kí ẹ wo ibi tó ti pàdé èèkù. Ibẹ̀ ni òǹtẹ̀ ilé iṣẹ́ wà. Ẹ kà á kí ẹ tó wo ohunkóhun mìíràn, nítorí èèkù ṣeé pààrọ̀, irin ṣeé pọ́n, ṣùgbọ́n òǹtẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ purọ́ fún ẹni tó mọ ìtàn. Irin tí kì í dógùn-ún ò sí lórí ọ̀bẹ kí Harry Brearley tó ṣe tirẹ̀ ní Sheffield ní 1913. Bí ẹnì kan bá gbé ọ̀bẹ wá pé ti 1880 ni, tí STAINLESS, INOX tàbí ROSTFREI sì wà lára rẹ̀, ẹ dá a padà fún un pẹ̀lú ẹ̀rín. Bí ó bá kọ WEST GERMANY, ó wà láàárín 1949 àti 1990, ìgbà tí Jámánì pín sí méjì. Ọ̀rọ̀ ENGLAND lára ọ̀bẹ Sheffield pọ̀ láti 1891, nígbà tí òfin Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí béèrè orúkọ ilẹ̀ lára ọjà tó ń wọlé. Èyí tí kò ní i lè ti wà ṣáájú. Rodgers ní tiẹ̀ máa ń fi lẹ́tà ọba sí ẹ̀gbẹ́ adé: V R fún Fikitóríà títí di 1901, E R fún Édúwọ́ọ̀dù títí di 1910, G R fún Jọ́ọ̀jì lẹ́yìn náà.

Lẹ́yìn òǹtẹ̀, ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀. Sípíríǹgì tó yè máa ń dún "kò" bí irin bá ṣí tán, "pà" bó bá ká. Ẹ mì irin náà sọ́tùn-ún sósì. Kò yẹ kó mì. Ẹ sì wo ṣóńṣó rẹ̀ nígbà tó bá ká: bí àyè gbàgẹ̀rẹ̀ bá wà láàárín ṣóńṣó àti ìparí èèkù, wọ́n ti pọ́n ọ̀bẹ náà jẹ. Mo ṣì máa ń rà á bí òǹtẹ̀ bá ṣọ̀wọ́n, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ á wálẹ̀ gan-an.

Nígbà tí òǹtẹ̀ bá sá pamọ́ sábẹ́ ìdógùn-ún

Níbí ni adùn ọdẹ wà, ẹ má kánjú. Ẹ má lo yanrìn, ẹ má lo sáńdípépà, ẹ má gbé e fún ẹni tó ń fi ẹ̀rọ lọ nǹkan. Àwọ̀ eérú dúdú tó wà lára irin àtijọ́ kì í ṣe ìdọ̀tí. Àwọ̀ ọjọ́ orí rẹ̀ ni, ẹni tó bá bó o kúrò ti bó owó lára rẹ̀. Ìdógùn-ún pupa tó ń jẹ irin nìkan ni ọ̀tá.

Bí irin bá ti lẹ̀ mọ́ inú èèkù, ẹ má fi èékánná fà á. Ẹ bu kẹrosíìnì díẹ̀ sínú agolo, ẹ jẹ́ kí oríkèé ọ̀bẹ náà nìkan sùn sínú rẹ̀, nítorí èèkù ìwo tàbí egungun ò fẹ́ rírẹ. Lọ́jọ́ kejì, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó fọ oríkèé náà, ẹ kán òróró sí i, ẹ fi àkísà di irin mú, ẹ fà á díẹ̀, ẹ dá a padà, ẹ tún fà á. Bí ó bá ti yẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ti gbà nìyẹn.

Ọ̀bẹ tí mo gbà lọ́wọ́ Ìyá Àgbà, bí mo ṣe ṣe é nìyẹn. Mo ki awò bọ ojú ọ̀tún, mo gbé ìdí irin sábẹ́ iná, mo rẹ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan sínú òróró, mo sì ń họ ọ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ìràwọ̀ ló kọ́kọ́ yọ, kékeré, onígun mẹ́fà. Àyà mi já. Mo nù ún, mo tún họ ọ́, àgbélébùú tí ẹnu apá rẹ̀ fẹ̀ yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti mọ̀ nígbà náà, torí Rodgers ló ni ìràwọ̀ àti àgbélébùú yẹn, ṣùgbọ́n ọwọ́ mi ò jẹ́ dúró. Lókè, adé. Lápá kan adé náà, G. Lápá kejì, R. Oníbàárà kan ń pè mí nínú ìsọ̀, mi ò dáhùn. Mo ń ka lẹ́tà yẹn bí ẹni tó ń ka lẹ́tà láti ọ̀dọ̀ bàbá rẹ̀.

Ìtọ́jú, àti ohun tí òfin wí

Awọ Ọ̀yọ́ dára púpọ̀, àwọn oníṣọ̀nà tó wà nítòsí ààfin Aláàfin lè ṣe àkọ̀ tí ojú ò ní kúrò lára rẹ̀. Ẹ ṣe é, ẹ gbé e kọ́, ṣùgbọ́n ẹ má tọ́jú ọ̀bẹ sínú rẹ̀. Oògùn tí wọ́n fi ń ṣe awọ máa ń jẹ irin, ó sì ń mú kí idẹ hu àwọ̀ ewé. Aṣọ òwú gbígbẹ ló tó. Òróró ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí ẹ fi pa á, kì í ṣe epo pupa tàbí òróró ìdín-ǹkan, torí ìyẹn á dì, á sì mú irin lẹ̀. Bí èèkù bá jẹ́ selulọ́ìdì, ìyẹn rọ́bà àtijọ́ tó ń dán bí ìkarawun, ẹ yà á sọ́tọ̀ pátápátá. Bó bá bẹ̀rẹ̀ sí bàjẹ́, èéfín rẹ̀ á mú kí gbogbo ọ̀bẹ tó wà nítòsí rẹ̀ dógùn-ún.

Ẹ má fi í sápò rìn kiri lálẹ́, ẹ má sì gbé e wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ́wọ́. Bí mo bá ń gbé e lọ sí Ọ̀yọ́, mo máa ń dì í sínú àpò irinṣẹ́ aago mi, ní ìsàlẹ̀. Èèkù eyín erin ní òfin tirẹ̀: láti 1990 ni àdéhùn àgbáyé ti fi òfin de títa eyín erin láti ilẹ̀ kan sí èkejì, nítorí náà ẹ má ṣèlérí fún ẹnikẹ́ni lókè òkun pé ẹ máa fi ránṣẹ́.

Èyí tí mò ń wá lọ́wọ́lọ́wọ́ ni Rodgers tí V R wà lórí rẹ̀. Kí rélùwéè tó dé Ìbàdàn ní 1901, orí ni wọ́n fi ń ru ẹrù òyìnbó wá sókè níbí, nítorí náà agbo ilé àwọn aláàárù àti àwọn oníṣòwò àtijọ́ ni mo ti ń bèèrè, láti Tákíè títí dé ẹ̀bá ààfin Ṣọ̀ún. Adé ni kí ẹ fi mọ̀ ọ́n, V lápá òsì, R lápá ọ̀tún. Bí ẹ bá gbọ́ ìró rẹ̀ ní ilé kankan, ẹ sọ fún wọn kí wọ́n má fi yanrìn fọ̀ ọ́, mò ń bọ̀.